Ẹni Tó Bá Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ejò

Ìtàn kan wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ kọ sílẹ̀, nípa obìnrin kan tó jẹ̀bi níwájú Ọlọ́run nítorí ológbò. Ó ti ológbò náà mọ́lé títí ó fi kú. Kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ fi kòkòrò ilẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Bí a bá ń fi ìtàn yìí wàásù, ìkà obìnrin náà la sábà máa ń gbé yẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀dá kan wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀: kí ó bọ́ ọ, tàbí kí ó jẹ́ kí ó lọ bọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá yan ọ̀nà àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé oúnjẹ nìkan ni gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀dá ti gba gbogbo iṣẹ́ tí igbó ń ṣe fún un sọ́rùn ara rẹ̀, títí kan ebi tí igbó máa ń jẹ́ kó pa á. Ọmọ erè ni màá fi ṣe ẹ̀rí, torí pé ejò kì í tètè rí ojú àánú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó bá lè dúró lórí ejò, yóò dúró lórí àgùntàn.

Erè tí mò ń wí ni èyí kékeré tí àwọn elédè Faransé ń pè ní python royal. Láti Senegal títí dé Uganda ló ti ń gbé, nínú ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, láàárín àpáta, oko iṣu àti oko kajú. Lọ́sàn-án, inú ihò òkété tàbí òkìtì ọ̀gán ló ń sùn sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jáde lọ ṣọdẹ. Ẹyin bíi mẹ́fà tàbí méje ni abo sábà máa ń yé. Á ká ara lé wọn lórí, á sàba fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun, bí ẹyin bá sì ti pa tán, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í fi oúnjẹ sí àwọn ọmọ lẹ́nu. Pupa ẹyin tó kù sí wọn nínú ni wọ́n ń jẹ títí wọn yóò fi bọ́ awọ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa wá ọmọ ẹyẹ àti ọmọ èkúté kiri. Ṣùgbọ́n ní Benin, Togo àti Ghana, àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀ máa ń wa abo tó lẹ́yin nínú jáde látinú ihò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn á jẹ́ kó yé sínú ọgbà, ọkọ̀ òfurufú á sì gbé àwọn ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àdéhùn àgbáyé CITES, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975, ń fi òfin darí òwò yìí, kò fòpin sí i. Báyìí ni ọmọ ọ̀dàn ilẹ̀ wa ṣe ń di ohun ọ̀sìn nínú àpótí.

Ẹ wò ó bí ọmọ erè bá wà nínú àpótí náà. Èkúté tí kò tóbi ju ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ lọ ni wọ́n ń fún un, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ márùn-ún sí méje, bó bá sì ti ń dàgbà, àlàfo náà á máa gùn sí i. Lẹ́yìn tó bá gbé e mì, ikùn rẹ̀ á yọ gelete, á wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó gbóná, á ká jọ, á sì ki orí sáàárín ara rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń gbé e kiri láàárín ọjọ́ méjì yẹn, ó lè pọ èkúté náà. Bí ẹ̀gbẹ́ tó gbóná kò bá tó nǹkan bí 31 tàbí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹran náà lè jẹrà sí i níkùn. Bí kò bá sì síbi tó lè sá pamọ́ sí, ó lè kọ oúnjẹ pátápátá, kí olówó rẹ̀ máa pààrọ̀ èkúté, nígbà tó jẹ́ pé ilé ni kò dára. Kí ọmọ erè tó jẹun, ó ti nílò òkùnkùn, ooru àti ìdákẹ́jẹ́. Ihò òkété ń fún un ní gbogbo ìwọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ebi ló le jù fún wa, torí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ á máa rọ́ oúnjẹ sí i ni. Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stephen Secor àti Jared Diamond ṣàlàyé pé bí erè ilẹ̀ Burma bá gbààwẹ̀, ìfun rẹ̀ á sún kì. Bó bá jẹun, ìfun náà á tún wú padà kíákíá. Ní 2005, àwọn mìíràn fi hàn pé iṣan ọkàn irú erè yìí kan náà ń fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i láàárín ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó bá jẹun, tí á sì tún fà padà. Ara tí a dá báyìí kò ka ààwẹ̀ sí ìyà. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó ń fún ọmọ erè lóúnjẹ léraléra kó lè tètè tóbi, kó lè tètè yé ẹyin tàbí kó tètè pawó, ọ̀rá ló ń kó sí i lẹ́dọ̀. Mi ò lè pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Ohun tí ọkàn tirẹ̀ ń fẹ́ ló ń fi èkúté rà.

Ọ̀nà kejì tí hádíìsì náà là sílẹ̀ ńkọ́? Ó wà ní Ouidah ní Benin, nínú tẹ́ńpìlì Dangbé, òrìṣà erè, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Àwọn olùsìn máa ń jẹ́ kí erè wọn jáde lọ ṣọdẹ fúnra wọn, bí ọ̀kan bá sì ṣìnà wọ ilé onílé, wọn á rọra gbé e padà. Ẹnìkan lè sọ pé wọ́n kàn ń sá fún ìnáwó ni. Rárá o. Kí erè tó lè rìn lóru kó sì padà láàyè, gbogbo ìlú ní láti gbà láti má pa á, ẹrù yẹn sì wúwo ju owó èkúté lọ. Nígbà tí Agaja ọba Dahomey ṣẹ́gun ìjọba Hueda, tí Ouidah wà lábẹ́ rẹ̀, ní 1727, William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbé àwọn ejò náà sókè, wọ́n ní bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà, kí wọ́n gba ara wọn là, wọ́n sì pa wọ́n jẹ. Àìlágbára ejò ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé a kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti rò pé wọ́n ṣìnà: ẹ̀dá tí kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wa ni gbèsè rẹ̀ ń wà lọ́rùn wa, yálà òrìṣà ni tàbí ejò lásán.

Ẹni tó wà ní London kò ní ọ̀nà kejì yìí. Òtútù á pa erè tó bá tú sílẹ̀. Ní Florida tó móoru, erè ilẹ̀ Burma tó jáde lọ́wọ́ àwọn olówó wọn ti pọ̀ nínú igbó Everglades, wọ́n sì ń run ẹran ibẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ló kù fún irú olówó bẹ́ẹ̀, ó sì gùn. Ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà gba erè kékeré kan lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ní 1961. Ní 2020, erè náà ṣì yé ẹyin méje.

Onígbàgbọ́ lè rán mi létí pé Jẹ́nẹ́sísì orí 3 ti fi ọ̀tá sáàárín àwa àti ejò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí a tì mọ́lé ti di ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú wa, ìwé Òwe orí 12 sì ka mímọ ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn sí ìwà olódodo. Èkúté tí à ń fi bọ́ ọ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: kí a pa á kíákíá kí a tó gbé e kalẹ̀, èyí tó tún ń dáàbò bo ọmọ erè, torí èkúté ààyè máa ń bu ejò jẹ. Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ẹni tó ní ọmọ ènìyàn ń pebi, kí ló dé tí à ń bọ́ ejò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ihò òkété ni kó ti sọ ọ́, nígbà tí ọkọ́ kò tíì kan abo náà, tàbí níwájú ẹni tó fẹ́ sanwó. Bí àpótí bá ti tì, àtakò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́, torí ebi ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní dínkù nítorí pé ejò kú sínú àpótí.