Àtè Ara Bàálù

Irin náà gùn tó apá mi, ó sì fúyẹ́ débi pé mo tún un gbé wò. Inú ọmọlanke àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rí i, láàárín ìkòkò tó ti lu àti rédíétọ̀ mọ́tò. Ẹni tó tà á kò mọ̀ ju pé ara bàálù ni. Ríbẹ́ẹ̀tì tò sí i lára ní ìlà gbọọrọ, kò sí ọ̀kan tó yà lọ́nà.

Àtè ara rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Òun ni wọ́n fi ń dí oríkèé irin kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tó wà ní tuntun, ó rọ̀, ó ń fà. Ọjọ́ ti gorí ọjọ́, ó ti gan, ó ti dúdú, eruku àti ọ̀rá epo ti bò ó. Tí mo bá fẹ́ bó o kúrò, n kì í fi ọ̀bẹ kàn án. Mo máa ń rẹ àkísà sínú tínà, màá tẹ́ ẹ lé e lórí, màá fi ọ̀rá bò ó kó má baà tètè gbẹ, màá sì jókòó síta gbangba níbi tí atẹ́gùn wà. Tó bá ti wú, màá fi pákó pẹlẹbẹ rọra ti etí rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò yẹ ẹ́, nítorí èérún irin tó bá há sí àlùmíníọ̀mù lára ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Sódà burú ju ìyẹn lọ, yóò máa ho títí yóò fi jẹ irin fúnra rẹ̀.

Mo ti bó o dé ìdajì kí n tó rí ìka. Ní igun kan tí àtè ti nípọn, ẹnìkan ti fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè wọ kọ̀rọ̀ dáadáa, àtè sì gan mọ́ àmì náà: gbogbo ìlà ìka, yípo-yípo, títí kan àpá kékeré tó dábùú wọn láàárín. Mo gbé ìka tèmi lé e. Tirẹ̀ tóbi jù. Ẹni náà lè ti kú. Ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú, torí oríkèé mìíràn ṣì kù tí yóò dí. Síbẹ̀, àmì ìka yẹn gòkè lọ síbi tí òtútù ti ń mú omi dì, ó kọjá lórí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó àti àwọn tó ń sin òkú, èrò inú ọkọ̀ kankan kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bí mo bá gbọ́ ìró bàálù lókè, Èjìnrìn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọjà àtijọ́ wa lẹ́bàá ọ̀sà. Ìtòsí ibẹ̀ ni bàálù ilé-iṣẹ́ ADC tó ń bọ̀ láti Port Harcourt já sí ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996, níbi tó ti ń yà fún bàálù mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò yè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà níbẹ̀. Kí ni èèyàn lè sọ sí irú ìyẹn? Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n de bẹ́líìtì, bóyá ẹnìkan ń ronú oúnjẹ alẹ́.

Irin kì í sọ ibi tó ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ pé ní Ìjẹ̀bú, ìlú ńlá tí yàrà yí ká, wọ́n ń fi ẹrú gba ẹ̀gbà idẹ. Àwọn baba wa mọ idẹ yọ́. Òun ni wọ́n fi ń rọ ẹdan Òṣùgbó. N kò lè wo ẹdan àtijọ́ mọ́ kí n má bi í léèrè pé, orí ta ni wọ́n fi rà ọ́?

Irin bàálù tó wà lórí itan mi yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dá ìkòkò ni ìbá lọ. Ní ìwọ̀n ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àlùmíníọ̀mù ti di omi. Ọ̀dà, àtè, ìka, gbogbo rẹ̀ á jóná, wọn á gbọ́n ìdàrọ́ dànù, ẹnìkan á sì se ìkọ́kọrẹ́ nínú ohun tó kù. A máa ń sọ ọmọ ní Babátúndé nígbà tí bàbá àgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bí irin ṣe ń padà ni àwa náà ń padà, ta ni yóò bá wa gbé àpá kékeré orí ìka yẹn bọ̀?

Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe àtè yìí ní ìdọ̀tí. Nígbà tí mo ṣí i kúrò ní etí igun náà, irin abẹ́ rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tí omi ti jẹ ẹ́. Mo wá jókòó, mo ń wá inú ayé tèmi bóyá oríkèé kan wà tí mo ti dí bẹ́ẹ̀ rí.