Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọdún Káìtì Àwọn Ará Índíà

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Òwe yìí dùn lẹ́nu wa. A sábà máa ń pa á nígbà tí a bá fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn fi wá sílẹ̀ kí á ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà ní ilẹ̀ Índíà tí ó mú kí á tún òwe náà yẹ̀ wò, nítorí pé ní ọjọ́ ọdún náà, ojú ọ̀run kì í fẹ́ẹ̀ tó ẹyẹ fò mọ́.

Uttarayan ni orúkọ ọdún náà. Ìpínlẹ̀ Gujarat tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Índíà ni wọ́n ti ń ṣe é jù, pàápàá ní ìlú Ahmedabad. Ọjọ́ 14 oṣù Jánúárì ló máa ń bọ́ sí, wọ́n sì tún máa ń ṣe é wọ ọjọ́ kejì. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìrìn oòrùn sí ìhà àríwá. Lójú àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ọjọ́ mímọ́ ni. Wọn a máa ṣe ìtọrẹ àánú, wọn a máa fún màlúù ní oúnjẹ, wọn a sì máa pín súwíìtì tí wọ́n fi ẹ̀pà tàbí yànmọ̀tí ṣe, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní rídì.

Ohun tí ó gbé ọdún náà níyì jù ni káìtì, ìyẹn bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi igi oparun tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ró, tí a so okùn mọ́, tí atẹ́gùn sì ń gbé lọ sókè. Bàbá, ìyá, ọmọ àti àlejò á gun orí òrùlé lọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti jẹ undhiyu, oúnjẹ kan tí iṣu àti oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta á kí i láti orí òrùlé kan sí èkejì. Láti ọdún 1989 ni ìjọba Gujarat ti sọ ọ́ di àjọ̀dún ńlá tí àwọn àlejò ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá wò.

Eré náà ní ìjà nínú. Ṣáájú ọdún, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á ta òwú sáàárín òpó méjì lẹ́bàá títì, wọn á sì fi àpòpọ̀ ìrẹsì, aró àti dígí tí a lọ̀ kúnná ra á lára. Manja ni wọ́n ń pe okùn náà. Bí okùn méjì bá kọ́ ara wọn lókè, èyí tí ó mú jù á gé èkejì. Ẹni tí ó gé e á ké pé “Kai po che!”, ìyẹn ni pé, “Mo ti gé e!” Àwọn tí ó fẹ́ràn fíìmù Índíà láàrin wa lè rántí pé fíìmù kan tí ó jáde ní ọdún 2013 jẹ́ orúkọ yìí.

Kí wá ni okùn tí a gé yóò dà? Á rọ̀ sórí igi, á lọ́ mọ́ òpó iná, á na gbọọrọ kọjá ojú títì. Ẹyẹlé àti ìgún tí wọ́n ń fò jẹ́jẹ́ á kó sínú rẹ̀, apá wọn á gé. Ó yani lẹ́nu pé àwòdì, ẹyẹ tí àwọn Òyìnbó yá orúkọ rẹ̀ fún káìtì, wà lára àwọn tí okùn káìtì ń gé lápá. Ènìyàn pàápàá kò bọ́. Okùn náà ń gé àwọn tí ó wà lórí ọ̀kadà lọ́rùn, ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó ti bá a lọ. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ìbéèrè wa rèé: ǹjẹ́ ẹni tí ó wà lórí òrùlé rẹ̀, tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, jẹ̀bi ọrùn tí okùn rẹ̀ gé ní òpópónà kejì? Kò rí ẹni náà. Kò bá a jà. Ọdún ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọwọ́ rẹ̀ kí á tó dájọ́. Kí ó tó gbé káìtì rẹ̀ sókè, ó ti fi pílásítà wé ìka ara rẹ̀, kí okùn má baà gé e. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ́ fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí á kọ́kọ́ fi gún ara wa wò. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti gún ara rẹ̀ wò, ó mọ̀ ọ́n lára. A kò sọ pé apànìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bo ìka tirẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ọrùn ẹlòmíràn wà níta láìbò.

Ṣé kí wọ́n pa ọdún náà rẹ́ ni? Ní Lahore, ní orílẹ̀-èdè Pakistan, ọdún káìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní Basant. Nígbà tí ikú pọ̀ jù, wọ́n fòfin dè é láàrin ọdún 2005 sí 2007, òfin náà sì wà fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ̀mí níye lórí, a kò bá wọn jà. Àmọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò pa ẹnikẹ́ni. Ní Ahmedabad, púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe káìtì fún ọdún àwọn Híńdù yìí ni Mùsùlùmí, àwọn obìnrin tí ń ṣe é nínú ilé wọn sì wà lára wọn. Ọdún tí ó so ẹlẹ́sìn méjì pọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ìbínú dà nù.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Gujarat ń gbìyànjú. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Índíà fòfin de okùn ọ̀rá tí kì í tètè já, èyí tí ó burú jù. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Gujarat bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Karuna, tí ó túmọ̀ sí àánú. Àwọn dókítà ẹranko àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó yọ̀ǹda ara wọn ń kó ẹyẹ tí ó fara pa lọ tọ́jú. Wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe gbé káìtì sókè ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹyẹ ń jáde lọ tàbí tí ó ń bọ̀ wálé. Àwọn ọlọ́kadà kan ń ri irin mọ́ iwájú ọ̀kadà wọn kí okùn má baà kàn wọ́n lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ kò tíì tó, nítorí àwọn kan ṣì ń ta okùn burúkú náà lábẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀gún ni wọ́n ń yọ, wọn kò gé igi lulẹ̀. Àwa náà ti ń fi ilà ojú kíkọ sílẹ̀, a kò sì tìtorí rẹ̀ dẹ́kun láti jẹ́ Yorùbá.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gidigidi. Ní ọdún kan tí kò tíì pẹ́, a dí òpópónà pa fún ayẹyẹ ẹgbẹ́ wa. A na àgọ́ láti ìgun kan dé èkejì, a sì to àga sí ojú títì. Aládùúgbò wa kan, tí kì í ṣe Yorùbá, gbé ìyàwó rẹ̀ tí ọmọ ń mú dé, mọ́tò rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà gbà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ kọjá láàrin àga wa, níṣojú gbogbo wa tí a wọ aṣọ ẹbí. Ọlọ́run bá wa ṣe é, obìnrin náà bí wẹ́rẹ́. Nígbà tí a lọ bẹ ọkọ rẹ̀, kò bú wa. Ó kàn fi èdè Yorùbá sọ pé, “Ẹ kú ọdún o.” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju èébú lọ.

A kò lè sọ pé a kò mọ̀. Àwa fúnra wa la fi àwọn ọ̀dọ́ sí ẹnu ọ̀nà láti máa dá ọkọ̀ padà. Pílásítà tiwa nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọdún wa kò ní parẹ́. A óò lu ìlù, a óò jó, a óò kọ́ àwọn ọmọ wa ní oríkì wọn. Ṣùgbọ́n kí á fi ìdajì títì sílẹ̀ fún ẹni tí ń kọjá. Kí á dín ariwo ẹ̀rọ kù tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kí á sọ fún aládùúgbò kí ọjọ́ tó pé, kí á sì gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ. Lóòótọ́ ni ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí òwe náà ń sọ kò so dígí mọ́ ìyẹ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé, kí ọdún wa má ṣe di ẹkún fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kú ọdún o.