Owó Tí Ó Ń Tẹ̀lé Aláìsàn

Bí ènìyàn bá ṣe iṣẹ́ gidi, tí a sì san owó fún un, ǹjẹ́ owó náà tún lè jẹ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ dókítà kan tí ń jẹ́ Greber. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ bí ọkàn aláìsàn ti ń lù. Àwọn dókítà mìíràn a fi aláìsàn ránṣẹ́ sí i. Medicare, àpò ìjọba fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, a san owó àyẹ̀wò. Greber a sì fi ìdá 40 nínú 100, tí kò gbọdọ̀ kọjá dọ́là 65, fún ẹni tí ó rán aláìsàn wá. Ó ní owó iṣẹ́ ni, nítorí pé wọ́n ń ṣàlàyé àbájáde àyẹ̀wò fún aláìsàn. Ilé-ẹjọ́ fèsì pé bí iṣẹ́ tilẹ̀ wà níbẹ̀, bí ọ̀kan nínú ìdí tí a fi san owó náà bá jẹ́ láti fa aláìsàn mìíràn wá, ó ti rú òfin.

Ẹ kíyè sí èdè wa. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ohun tí a fi bẹ ènìyàn kí ọ̀ràn tó dé. Owó Greber ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì jọ ọpẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí aláìsàn ọ̀la ni ó fi ń bẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé kò sí ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ nítorí owó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni aláìsàn wá gbà lọ́wọ́ dókítà? Kì í ṣe egbòogi nìkan, ìmọ̀ràn ni. Kò lè wo inú àyà ara rẹ̀. Ojú dókítà ni ó yá. Bí ẹlòmíràn bá ti ra ojú náà ńkọ́? Àyẹ̀wò náà lè tọ́, ó tilẹ̀ lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Síbẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá nítorí ara òun ni, tàbí nítorí dọ́là 65. Ìfọkàntán rẹ̀ ni wọ́n tà, láìsọ fún un.

Nínú iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba ní ilẹ̀ kan náà, òfin ọdún 1986 kò dá ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà nìkan lẹ́bi. Ẹni tí ó fi iye rẹ̀ kún owó tí ó béèrè lọ́wọ́ ìjọba jẹ̀bi pẹ̀lú.

Adìyẹ tí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá gbé wá fún olùtọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ní tèmi, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ni ó ti mú un wá, ó sì mọ ohun tí ó fi ń dúpẹ́ fún.