Ǹjẹ́ Ọ̀tá Wa Ni Ìrora Bí?

Ìwọ òǹkàwé, bí eyín bá ti dùn ọ́ rí lóru, tí o di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú títí ilẹ̀ fi mọ́, ìbéèrè yìí kò ní ṣòro fún ọ. Ìwọ yóò ní, ọ̀tá gan-an ni. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ ná.

Eyín kì í ṣe òkúta lásán. Ẹran rírọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ ìrora. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹran yìí tí a lè mú dàgbà ní yàrá ìwádìí, tí wọ́n sì lè tún apá líle inú eyín mọ. Ní 2003, a rí irú wọn nínú eyín tí ọmọdé ká, èyí tí àwọn ọmọ tiwa ń jù sórí òrùlé. (Ara òde eyín tí ń dán ni wọn kò lè tún ṣe: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó mọ ọ́n kì í sí mọ́ bí eyín bá ti yọ.)

Ní 2018, àwọn oníṣègùn ní Xi'an, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ròyìn iṣẹ́ wọn lára 40 aláìsàn tí wọ́n fara pa títí ẹran inú eyín wọn fi kú. Wọ́n pín 30 nínú wọn sí ìtọ́jú tuntun: wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì láti inú eyín ìgbà èwe ti aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n mú un dàgbà, wọ́n sì gbé e sínú òkú eyín náà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé eyín ti jí? Wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tún ń ṣàn níbẹ̀, wọ́n sì wò ó bóyá ó tún ń mọ nǹkan lára. Nígbà tí ó mọ̀ ọ́n, wọ́n kà á sí àṣeyọrí. Ohun tí ìwọ ń bẹ̀bẹ̀ lóru pé kí ó lọ ni wọ́n ṣe làálàá láti dá padà!

Oníṣègùn eyín lè kó ẹran náà kúrò, kí ó dí ihò rẹ̀. N kò gan èyí. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ oró. Ṣùgbọ́n bí irú eyín bẹ́ẹ̀ bá tún ń jẹrà, ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó ni ín? Ẹni tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di aláìmọ̀kan lè gbá iná mú, kí ó má mọ̀ títí awọ yóò fi bó.

N kò bá àwọn tí ń yin ìyà kẹ́gbẹ́. Oró tí kì í jẹ́ kí ọmọ sùn kò ní ẹ̀kọ́ kan nínú, ẹ jẹ́ kí a lé e lọ. Ṣùgbọ́n agbára láti mọ ìrora yàtọ̀ sí ìrora fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ìtutù omi sì ń gbà wọlé. Bí a bá wá gbé eyín méjì ka iwájú rẹ, ọ̀kan tí kò ní dùn ọ́ láéláé, èkejì tí ó lè dùn ọ́ lọ́la, èwo ni ìwọ yóò mú?