Ẹ̀ṣẹ̀ Àná, Òfin Òní

Ẹ̀yin ará wa ní Ọ̀wọ̀, ní Ifọn àti agbègbè wọn, ìbéèrè kan ni a gbé wá. Bí ènìyàn bá ṣe ohun tí òfin kò kà sí ọ̀ràn lónìí, ṣé ó tọ́ kí a mú un lọ́la nítorí pé òfin yí padà?

Ní 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ṣe Dìkíríì Ogún, tí ó sọ ṣíṣe òwò oògùn olóró di ọ̀ràn ikú, wọ́n sì da ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ní April 1985 wọ́n yìnbọn pa Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Nígbà tí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ṣe tirẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ìjìyà rẹ̀, kì í ṣe ikú. A kò gbèjà oògùn olóró o. Ó ti ba ọmọ púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run ka ọtí léèwọ̀, tí àwọn Sàhábà béèrè nípa àwọn tí ó ti mu ún rí kí wọ́n tó kú, ìdáhùn tí ó wà nínú Sùúrátùl Máídà kò di ẹ̀bi ru àwọn òkú náà.

Ti ìjọba hàn kedere. Ti adájọ́ ni ó le. Adájọ́ tí ó bá pa ìdájọ́ àtijọ́ tì kì í sọ pé òun ṣe òfin tuntun. Yóò ní bí òfin ti wà tẹ́lẹ̀ ni òun ń sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì bá ẹni tí ó ti hùwà kí ó tó sọ̀rọ̀. Ní 1991, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ìlú Ọba dá ọkọ tí ó fẹ́ fi ipá bá aya rẹ̀ lò ní 1989 lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin ti ń sọ tipẹ́ pé ọkọ kò lè jẹ irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 1995, wọ́n ní ó yẹ kí ó ti rí i pé ibẹ̀ ni òfin ń lọ. Àwa náà gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ìnilára ni?

Síbẹ̀, “ó yẹ kí ó mọ̀” lè gbé ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè. Ní 1961, nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e, torí pé kò sí òfin kíkọ tí ó pè é ní ọ̀ràn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run, a kò jiyàn. Abala 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì kọ̀ kí a fi òfin tuntun mú ìwà àtijọ́. Ìtumọ̀ tuntun láti ẹnu adájọ́ ni kò dárúkọ.