Ìwà Rere Ni, Tàbí Ìbẹ̀rù Ìṣubú?

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni mo rín nígbà tí mo wo sinimá kúkurú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Balance. Àwọn ìbejì kan ní ilẹ̀ Jámánì, Christoph àti Wolfgang Lauenstein, ni ó ṣe é ní ọdún 1989. Ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 1990. Kò tó ìṣẹ́jú 10, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ọmọlangidi márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù gígùn, a kọ nọ́mbà sí wọn lẹ́yìn. Wọ́n dúró lórí pákó pẹrẹsẹ tí ó wà ní òfuurufú láìní òpó. Bí ẹnì kan bá ṣí ẹsẹ̀, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ṣí ẹsẹ̀, kí pákó má baà dà wọ́n nù. Wọ́n ń ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ ìyá. Wọ́n ju ìwọ̀ sísàlẹ̀ bí apẹja. Ni ọ̀kan bá fa àpótí kan gòkè. Àpótí náà ń kọrin. Olúkúlùkù fẹ́ ẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn ṣubú títí ó fi ku ẹnì kan. Ó dúró ní etí kan, àpótí wà ní etí kejì. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, àpótí yóò yọ̀ bọ́ sí ọ̀gbun.

Ìbéèrè tí ó bá mi délé ni èyí: kí àpótí tó dé, ṣé ènìyàn rere ni wọ́n? Lóòótọ́, ẹnì kan kò rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ìbá tìtorí rẹ̀ jà?

Kí n má baà dá àwọn ọmọlangidi nìkan lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà kan, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni a jọ ń gbé yàrá kan. Abọ́ ẹ̀bà kan ni a jọ ń tọwọ́ bọ̀. Àwọn aládùúgbò a máa fi wá ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ooru mú, ọ̀kan nínú wa ra fáànù. Ẹ kúkú mọ̀ pé ohun tí ó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Lóru, bí onífáànù bá ti sùn, èmi a rọra yí i sí ọ̀dọ̀ ara mi. Kí oṣù tó parí, a ti pín abọ́, ẹni méjì sì ti kó jáde. Kì í ṣe ọjọ́ tí fáànù dé ni ìwà wa bàjẹ́. Ọjọ́ náà ni a kọ́kọ́ rí i.

Ẹlòmíràn lè wí pé àpótí ni ó jẹ̀bi. N kò gbà. Bí wọ́n bá gbé e sí àárín gbùngbùn pákó, kò ní tẹ̀ sí apá kan, gbogbo wọn ìbá sì máa gbọ́ orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ìmọ̀ràn náà láàárín àwọn tí kì í sọ̀rọ̀? Àwa mẹ́rin ní ẹnu, a kò sì lò ó.

N kò wí pé ìbẹ̀rù kò wúlò; òun ni ó kọ́kọ́ mú pákó dúró. Ṣùgbọ́n bí ojúkòkòrò bá dé, ìbẹ̀rù a sá. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ ni à ń pè ní ìwà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń yin ara wa pé ẹni àlàáfíà ni wá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá àpótí ti dé ọ̀dọ̀ wa rí.