Ìṣàrò Òwúrọ̀: Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dá Lójú Ọ̀nà

Kíkà: Esekiẹli 34:11-16, Lúùkù 15:4-6

Ẹni tó bá ń dáná lọ́wọ́, ẹ bojú tó ìkòkò yín o, ọ̀rọ̀ òní fẹ́ gùn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ní ilẹ̀ Jámánì, bí ọdẹ bá yìnbọn fún àgbọ̀nrín, tí ọta bà á ṣùgbọ́n tí kò kú, tó sá wọgbó lọ, iṣẹ́ ọdẹ náà kò tíì parí. Òfin ọdẹ wọn kò gbà kí ẹran tí èèyàn ti ṣe léṣe máa jẹ̀rora lásán nínú igbó. Wọ́n gbọ́dọ̀ tètè wá a, kí wọ́n fòpin sí ìrora rẹ̀. Ọdẹ ò lè sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, òmíràn á wá lọ́la." Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ajá kan láti máa tọ ipasẹ̀ ẹran tó fara gbọgbẹ́ títí wọ́n á fi rí i. Schweißhund ni wọ́n ń pè wọ́n. Lẹ́nu àwọn ọdẹ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ṣèṣe ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn. Lẹ́nu ará ìlú yòókù, òógùn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà fún òógùn àti ẹ̀jẹ̀! Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jésù ní Lúùkù 22:44 á mọ ìdí tí mo fi dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ibòmíràn ni mò ń lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá náà. Láti kékeré ni. Wọ́n á mú ẹ̀dọ̀ tàbí awọ àgbọ̀nrín, wọ́n á wọ́ ọ nílẹ̀ lọ síwájú díẹ̀, wọ́n á fi nǹkan jíjẹ sí òpin rẹ̀. Ọmọ ajá á fi imú tọ̀ ọ́ dé ibẹ̀, á jẹun, inú rẹ̀ á dùn. Bó ti ń dàgbà ni wọ́n á máa sọ ọ̀nà náà di gígùn. Wọ́n ní bàtà kan tí wọ́n máa ń so pátákò àgbọ̀nrín mọ́ lábẹ́. Ẹnì kan á wọ̀ ọ́ rìn nínú igbó, á máa kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀nà náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìrì á sẹ̀ sórí rẹ̀, òjò lè rọ̀ sí i, ẹran mìíràn á gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó mú ajá dé. Nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n ń ṣe fún wọn, ọ̀nà náà kì í dín ní mítà 1000. Ó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún wákàtí 20, ó kéré tán. Ti wákàtí 40 pàápàá wà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lò fún gbogbo ìrìn yẹn kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lítà lọ. Ìyẹn ò ju ìlàjì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan!

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣahun ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Torí pé nínú igbó gidi, ẹ̀jẹ̀ lè má pẹ́ dá. Ọ̀rá ara ẹran á dí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú. Èèyàn á wolẹ̀ títí, kò ní rí nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni ọdẹ tí kò ní ajá ti máa ń sọ pé, "Bóyá ọta ò tiẹ̀ bà á." Àmọ́ àgbọ̀nrín kékeré tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ní ibì kan láàárín pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń fi òórùn sílẹ̀ níbi tó bá tẹ̀. Òórùn ẹran kan ṣoṣo yẹn ni ajá tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Àgbọ̀nrín tí ara wọn le lè gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn tiwọn á sì ta sánsán ju ti ẹni tó ṣèṣe lánàá lọ. Ajá tí kò tíì mọṣẹ́ á yà tẹ̀ lé wọn. Èyí tó mọṣẹ́ á gbọ́ òórùn wọn, á gbé orí sókè, á tún dorí kodò padà sídìí ẹyọ kan tó ń wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí nǹkan kan tàbí méjì padà nínú ìtàn náà. Nígbà ìkórè kan, ẹnì kan gba máìkì, ó ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó tí wọ́n ṣèlérí. Orúkọ arábìnrin yìí wà níbẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹni tó gba máìkì yẹn, èmi ni.

Ó fi gèlè bojú, ó jáde. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wa la rí ẹ̀jẹ̀. Àwa mẹ́fà wọ bọ́ọ̀sì ìjọ, a lọ sílé rẹ̀, a bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà, òun ti gbàgbé. A gbàdúrà, a mu mínírà, a padà. Kò wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín sí mi lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó ní òun wà dáadáa, kí la tún fẹ́ máa wá lọ́dọ̀ rẹ̀? Àwọn ẹni tuntun sì ń wọlé nígbà yẹn, ara wọn le, ọkọ̀ wọn ń dán. A yà tẹ̀ lé wọn.

Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí àtòjọ tí mo fi ń fi ìṣàrò yìí ránṣẹ́. Láràárọ̀, kí aago mẹ́fà tó lù, mo ń rí i pé ó ti kà á. Ẹni tó ní kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín wa, kì í pa ọjọ́ kan jẹ! Ojú ẹsẹ̀ rèé nílẹ̀ kedere, imú tèmi ni ò ṣiṣẹ́.

Ìbẹ̀wò tá a ṣe pàápàá, mo ti wá mọ̀ pé a ṣe é ṣìnà. Àwọn tó ń lo ajá wọ̀nyí, wọn kì í fẹ́ kí èrò rọ́ lọ síbi tí ọta ti ba ẹran. Bàtà yín á gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, ajá ò ní mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Ẹran tí ọta bà níkùn, wọ́n máa ń fún un ní wákàtí mélòó kan kí ó dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá lé e lójú ẹsẹ̀, á tún dìde, á sá jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ṣoṣo á mú ajá kan ṣoṣo, pẹ̀lú okùn gígùn, láìpariwo. Ẹ wá wo àwa: èèyàn mẹ́fà, bọ́ọ̀sì tó ya orúkọ ìjọ sára, ká tó débẹ̀ gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí lónìí pé ta ni. Ẹ bá mi má tẹ ojú ọ̀nà náà mọ́lẹ̀.

Ohun kan ṣì kù nípa ẹni tó di okùn mú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti mọ ibi tí ọ̀nà ìdánrawò gbà, láìmọ̀ á máa fa ajá síbi tó fẹ́. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹlòmíràn la ọ̀nà náà, kí oníokùn kọ́ láti gba ajá gbọ́. A mọ òwe ajá tó máa sọnù tí kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti ibí yìí, ọdẹ ni kì í gbọ́ ti ajá. Mi ò fi Ẹ̀mí Mímọ́ wé ajá o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣùgbọ́n mo mọ iye òru tí orúkọ arábìnrin yẹn wá sí mi lọ́kàn, tí mo fa okùn padà, tí mo ní, "Olúwa, a ti yanjú ìyẹn."

Mo mọ̀ pé àpèjúwe yìí kò bá a dé òpin. Ọdẹ ń wá àgbọ̀nrín láti pa á. Ẹ tún Esekiẹli 34 kà: Olúwa ní òun fúnra òun ló máa jáde lọ wá èyí tó sọnù, pé òun á di èyí tó dá lẹ́sẹ̀. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn tí Ó bínú sí nínú orí yẹn, ẹ̀sùn wọn ni pé wọn ò wá wọn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, mo ń lọ sílé rẹ̀. Èmi nìkan, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn. Mi ò ní sọ fún un pé kó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni mo yìnbọn náà, kí n sì jókòó gbọ́ ohunkóhun tó bá fẹ́ fi dá mi lóhùn.

Arábìnrin mi, mo mọ̀ pé ẹ ti ka èyí kí ọ̀pọ̀ tó jí. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n wá lónìí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi, màá dúró di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́.

Ẹ̀yin yòókù, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ bi Olúwa léèrè orúkọ ẹnì kan.

Àdúrà: Baba, dárí jì mí. Ṣáájú mi dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Bí wọn ò bá ṣílẹ̀kùn, má ṣe jẹ́ kí n bínú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.